A Ti Ra Tiransifọ́mà, Ó Ku Ilé Ẹ̀kọ́

Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ bí ìlú tuntun ṣe ń dìde ní agbègbè Ọ̀tà, kó lọ jókòó sí ìpàdé onílé. Láti Sàngó títí dé Àtàn, láti Lúsàdà wọ Alápòótí, bí ilé bá ti pé mẹ́wàá lójú títì kan, àwọn onílé á ti dá ìpàdé sílẹ̀, wọ́n á yan alága, akọ̀wé àti akápò. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tàbí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sábà máa ń pé jọ, lórí bẹ́ǹṣì àti àga oníke, lábẹ́ igi tàbí nínú ọgbà ilé alága. Akọ̀wé á ka ohun tí wọ́n sọ nípàdé tó kọjá, akápò á ka orúkọ àwọn tó ti san owó àti àwọn tó ṣì jẹ gbèsè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀: opó iná, owó ọlọ́dẹ, géètì ẹnu ọ̀nà, gọ́tà, gírédà tí wọn yóò háyà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Tí tiransifọ́mà bá jó, wọn kì í dúró de ìjọba. Wọ́n á pín owó náà sórí ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lọ bá alágídí nílé, títí iná yóò fi padà dé.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ìpàdé wọ̀nyí. Láìsí wọn, ọ̀pọ̀ àdúgbò tí à ń gbé lónìí ì bá ṣì jẹ́ igbó tí ilé wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ tí wọ́n ń jíròrò lé lórí, ó ṣọ̀wọ́n kí n gbọ́ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà lójú títì kejì. Wọn kì í béèrè iye tísà tó kù níbẹ̀. Wọn kì í béèrè iye ọmọ tó wọ SS1 tí kò dé SS3, àti ibi tí àwọn ọmọ náà yà sí. Èrò tèmi ni pé àwọn ọ̀dọ́ agbègbè yìí kò ní rí ọ̀nà gidi gbà, àfi tí àdúgbò bá gbé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wá sáàárín ìpàdé, kí wọ́n sì fi irú ọwọ́ tí wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ iná mú un.

Alápòótí jẹ́ ọ̀kan nínú wọ́ọ̀dù 16 tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1989 nígbà tí wọ́n so Ọ̀tà pọ̀ mọ́ Adó-Odò àti Ìgbẹ́sà. Ilẹ̀ Àwórì ni. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 526,565 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, gbogbo ẹni tó sì ń gba Sàngó kọjá lójoojúmọ́ mọ̀ pé wọ́n ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èkó kún, ó ń ṣàn wá síbí. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ sí, tí wọ́n ti ń kọ ọ̀pẹ, ti di pílọ́ọ̀tì. Apá kan ni Ọ̀tà àti àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Apá kejì ni Àgbárá wà, níbi tí Olóyè Adéyẹmí Lawson ti bẹ̀rẹ̀ ẹ́sítéètì ní àwọn ọdún 1970, tí ilé iṣẹ́ ńláńlá sì fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Ní Ìgbẹ́sà, àwọn ará Ṣáínà láti Guangdong ti bá ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn dá àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga náà kò wọ́n: Yunifásítì Covenant dé Ọ̀tà lọ́dún 2002, Yunifásítì Bells tẹ̀lé e, Crawford bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbẹ́sà lọ́dún 2005, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ náà sì wà ní Ìgbẹ́sà kan náà.

Ọmọ tó bá ń dàgbà ní Alápòótí, bó bá wo ọ̀tún, ilé iṣẹ́ ni. Bó bá wo òsì, yunifásítì ni. Èèyàn á rò pé ọmọ bẹ́ẹ̀ ti rí ayé wá. Bẹ́ẹ̀, láti kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń lọ dé èyíkéyìí nínú méjèèjì, igbó wà lágbede-méjì, àwọn òbí tó ń gbé ibẹ̀ kò sì lè dá a ṣán.

Ẹ dé abẹ́ bíríìjì Sàngó kí ilẹ̀ tó mọ́. Kóńdọ̀ ń pe Àtàn, wọ́n ń pe Ìyànà-Ìyèsí, wọ́n ń pe Lúsàdà. Ìyá oníbúrẹ́dì àti ẹ̀wà ti gbé ìkòkò kalẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń já wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù dúdú lọ́wọ́, aṣọ iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́, àwọn tó ní káàdì á wọlé tààrà. Àwọn káṣúà á tò sí ara ògiri, wọ́n á máa wojú súpáfáísọ̀. Yóò jáde, yóò máa fi ìka yàn: ìwọ, ìwọ, ìwọ tó wọ dúdú yẹn. Àwọn tí ìka kò kàn á dúró bóyá wọ́n á mú wọn fún ṣífúùtù ọ̀sán. Mo rí ọmọkùnrin kan nínú wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti ya ní orúnkún, sàńdáàlì aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń wọ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ilé ẹ̀kọ́ kò sí nísinmi.

Mi ò dá ọmọ yẹn lẹ́bi. Ẹ jẹ́ ká fi ara wa sí ipò rẹ̀. Wọ́n pọ̀ ní kíláàsì débi pé tísà kò mọ orúkọ gbogbo wọn. Tísà Físíìsì lè má sí, tàbí kó wà ní táámù yìí kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn ní táámù tó ń bọ̀. Owó Wáẹ̀kì ń bọ̀ lọ́nà, bàbá sì ti ń sọ láti ìsinsìnyí pé òun kò mọ ibi tí òun yóò ti rí i. Ní ilé tí wọ́n jọ ń gbé, ẹ̀gbọ́n kan ń gba owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rọ́bà, ó ti ra fóònù, ó ti ń fún ìyá rẹ̀ lówó ọbẹ̀. Ta ni ọmọ náà mọ̀ tó ti ara ìwé mẹ́wàá rí iṣẹ́? Bí kò bá sí ẹnì kan tó lè nawọ́ sí ní gbogbo ojú títì rẹ̀, ohun tó fojú rí ni yóò gbà gbọ́.

Òfin pàápàá kò dì í mú. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tí a mọ̀ sí UBE, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004, sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS. Lẹ́yìn JSS3, dandan náà ti parí. Ọjọ́ orí tí ọmọ bá jáde JSS3 ni eegun rẹ̀ ń le, tí ara rẹ̀ ti lè gbé àpò, tí géètì ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ibi tí òfin ti yọwọ́ gan-an ló yẹ kí àdúgbò ti gbọ́wọ́ lé e.

A máa ń sọ pé ẹnì kan ní í bímọ, igba èèyàn ní í wò ó. Ní àdúgbò ilé iṣẹ́, igba náà ti lọ síbi iṣẹ́. Bàbá ń ṣe ṣífúùtù òru, ó ń sùn lọ́sàn-án. Ìyá wà lọ́jà Sàngó tàbí ní Òjú-Òre títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá àgbà wà lábúlé. Aládùúgbò ti ìlú míràn wá, ó ń ṣọ́ra kí wọ́n má bàa ní ó bá ọmọ ẹni jà. Láti aago méjì ọ̀sán tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde títí di aago mẹ́jọ alẹ́, ọmọ náà àti fóònù ló jọ wà, tàbí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń kó ọmọ wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn mọ wákàtí náà. Àwọn tó ń wá ọmọ tó máa bá wọn jà lórí ilẹ̀ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Kí ló dé tí ìpàdé onílé kì í fi í rántí ilé ẹ̀kọ́? Mo ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ìdáhùn tí mo rí kò dùn ún sọ. Ẹni tó bá ti lówó kọ́lé ní agbègbè yìí, kódà kó jẹ́ ilé tí wọn kò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀, á du ohun gbogbo láti fi ọmọ rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Àwọn tó kún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni ọmọ ayálégbé: ọmọ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, ọmọ bíríkìlà, ọmọ ìyá aláta, ọmọ Àwórì tó ti ta ilẹ̀ tán, ọmọ Ègùn, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ẹ̀bìrà tí òbí wọn wá wá oúnjẹ òòjọ́. Ayálégbé kì í jókòó sí ìpàdé onílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń dá owó iná, ó ń dá owó ọlọ́dẹ. Àwọn tó ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ náà, ẹnu wọn kò tólẹ̀ nípàdé. Àwọn tí ẹnu wọn tólẹ̀, ọmọ wọn kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó bá ṣe ọmọ ayálégbé kò ní yọ onílé sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé àrùn kòrónà, ìròyìn gba ìlú pé àwọn ọmọ ganfé ń bọ̀ lógunlọ́gọ̀ láti jalè. Ní Agége, ní Ìfàkò, ní Sàngó àti Ọ̀tà, àwọn ọkùnrin jáde síta pẹ̀lú igi àti àdá, wọ́n dáná sun táyà ní oríta, wọ́n ṣọ́ òru mọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ̀rù bà wá, ẹ̀rù náà sì tó í bani. Ṣùgbọ́n ta ni à ń sá fún? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń dáná dè yẹn jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sáàárín wa, tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ wọn pa tàbí tí wọ́n ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni bí ètò náà ṣe yá tó. Kò ju alẹ́ méjì lọ tí àdúgbò fi kọ orúkọ sílẹ̀: ilé mẹ́rin yìí ló ń ṣọ́ òru òní, ilé mẹ́rin tọ̀hún ló ń ṣọ́ ti ọ̀la. Onílé àti ayálégbé jọ dúró sójú títì kan náà, láìsí ẹni tó béèrè ẹni tó nílé. Mo ń wò ó pé bí àdúgbò bá lè to orúkọ bẹ́ẹ̀ láti dènà ọ̀dọ́ lóru, ó lè to orúkọ láti gba ọ̀dọ́ mọ́ra láti aago mẹ́ta ọ̀sán sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Àwọn baba wa kò dúró de ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ní àwọn ọdún 1850, James White, ọmọ Yorùbá tó ti Sierra Leone dé, ti ń ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀tà, ìjọ ló sì ń dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí Èkó rí i pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Kìrìsìtẹ́nì nìkan ni ọ̀nà tó wà fún ọmọ wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ lọ́dún 1923, ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ náà sì tàn dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó dé Ọ̀tà níbí. Ní Iléṣà, Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe kó owó jọ, wọ́n dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1934, kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà lè rí ilé ẹ̀kọ́ girama lọ nílé. Iganmode Grammar School ní Ọ̀tà, oríkì ìlú ló wà lára orúkọ rẹ̀. Ìlú tó bá fi oríkì rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ lórúkọ ń sọ pé ọmọ òun ni.

Kódà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955, tí gbogbo wa máa ń yìn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti mínísítà rẹ̀, S. O. Awókọ̀yà, fún, kò ṣàdédé wá. Owó-orí wọ̀ ọ́. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn kò dùn sí owó tí wọ́n ní kí wọ́n san, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ Action Group fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀ nígbà tí ọjọ́ pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, iye ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí nǹkan bí 811,000. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ti ṣán igbó, tí wọ́n ru iyanrìn, tí wọ́n gbé ògiri kíláàsì dúró. Ìjọba san owó tísà. Àwọn ará ìlú mọ ibi tí bíríkì kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹni tó bá ru iyanrìn sí ilé ẹ̀kọ́ kì í wò ó níran kí òrùlé rẹ̀ máa jò.

Ibi tí okùn náà ti já, lójú tèmi, ni àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn. Ìdí rere wà fún un. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ gbogbo ẹ̀sìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gbogbo, kí ìlú tálákà má bàa kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ìjọba ṣe ń gba ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ará ìlú ń gbé ọwọ́ kúrò. Títí dòní, bí wíńdò bá já ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé ìjọba dà. Àdúgbò tuntun bíi tiwa tilẹ̀ burú jù, torí a kò bá wọn kọ́ ọ rárá. A bá a níbẹ̀ ni.

Ìjọba pàápàá ti mọ̀ pé òun nìkan kò lè dá a gbé. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní SBMC: hẹdimásítà tàbí pírínsípà, aṣojú tísà, aṣojú òbí, olórí àdúgbò, àwọn obìnrin, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, akẹ́kọ̀ọ́jáde, kódà aṣojú àwọn ọmọ. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti wo owó tó wọlé, láti mọ tísà tó ń wá àti èyí tí kì í wá, láti béèrè fún owó àtúnṣe lọ́dọ̀ UBEC, àjọ tó ń bójú tó ètò UBE. Ohun tó yẹ kí á fi jà nìyí, ó wà lọ́wọ́ wa. Níbi púpọ̀, orúkọ lásán ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ìpàdé onílé lè rán ẹni méjì síbẹ̀ lọ́la láìná kọ́bọ̀.

Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1968, James Comer, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Yale, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì tí ọmọ adúláwọ̀ aláìní pọ̀ sí. Àwọn ọmọ náà wà lára àwọn tó ń gbẹ́yìn jù nínú ìdánwò ìlú. Comer kò sọ pé orí wọn kò pé. Ó ní ilé àti ilé ẹ̀kọ́ ń wo ara wọn bí ọ̀tá, ọmọ sì wà láàárín. Ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí òbí, tísà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù jọ ń jókòó sí. Òfin ìgbìmọ̀ náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ di ẹ̀bi ru ẹnìkejì, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dìbò. Wọ́n á jíròrò títí ohùn wọn á fi ṣọ̀kan. Ó gbà wọ́n lọ́dún púpọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ le gan-an. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ àdúgbò ọlọ́rọ̀ figagbága, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ẹ̀kọ́ sì gba ètò náà. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé àwọn òbí jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn, wọ́n sì gbọ́ tẹnu wọn.

Ní tiwa níbí, a ní ohun kan tí wọn kò ní, ìyẹn fíríìdómù. Ẹni tó bá ti débi tí wọ́n ti ń dá ọmọṣẹ́ sílẹ̀ ní Sàngó mọ ohun tí mò ń sọ. Kánópì wà lójú títì, gbohùngbohùn ń ké. Ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ tàbí ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà ti jókòó pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́. Ọmọ tó ti lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin lábẹ́ ọ̀gá á kúnlẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ á dúró lẹ́yìn rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ á ka òfin fún un: má gba oníbàárà ọ̀gá rẹ, má rẹ́ oníbàárà tìrẹ jẹ. Ọ̀gá á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á súre fún un, wọ́n á fún un ní sàtífíkéètì tí wọ́n fi gíláàsì bò. Ìyá rẹ̀ á jó títí gèlè á fi tú. Láti ọjọ́ náà, gbogbo àdúgbò mọ ẹni tí ọmọ yẹn jẹ́, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, àti ẹni tí wọ́n lè lọ bá bó bá ṣìwà hù.

Ọmọ tó ń kàwé kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kò ní ìwé tó tó. Mọ́tò ayé òde òní ní kọ̀ǹpútà nínú. Mẹkáníìkì tí kò lè ka ohun tí ẹ̀rọ ayẹ̀kọ̀wò ń sọ yóò máa tú ohun tí kò bàjẹ́. Wẹ́dà tí kò mọ ìṣirò yóò fi irin ṣòfò. A ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ bí ẹni pé orí ló ń lọ sílé ìwé, ọwọ́ ló ń lọ síbi iṣẹ́. Ní Jámánì, wọn kò yà wọ́n. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ní ilé iṣẹ́, ó ń lo ọjọ́ kan tàbí méjì ní ilé ẹ̀kọ́, òfin sì de ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ papọ̀. Tai Solarin kò lọ jìnnà kó tó rí i. Ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tó dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, ọmọ ń kàwé níbẹ̀, ó ń roko, ó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́.

Àpẹẹrẹ kan tilẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa gan-an. Ní Àgbárá, ilé iṣẹ́ Nestlé ní ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ láti ọdún 2011. Oṣù 18 ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ iná, wọ́n ń ṣe ìdánwò City & Guilds ti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó bá ṣe dáadáa jù lọ sì ti lọ kọ́ sí i ní Switzerland. Iye tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ti yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, pẹ̀lú Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó wọ sàńdáàlì ilé ẹ̀kọ́ dúró sára ògiri yẹn ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ nítorí owó ọjọ́ kan, kò sì mọ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé irú ibẹ̀ wà. Kí ni ì bá ná àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà àti Ìgbẹ́sà láti rán ẹ́ńjíníà kan lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama tó sún mọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ní táámù? Kí ni ì bá ná wọn láti ní kí súpáfáísọ̀ má yan ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì? Ẹgbẹ́ àdúgbò ló lè béèrè rẹ̀. Ilé iṣẹ́ máa ń dá àdúgbò lóhùn nígbà tí wọ́n bá ń jà lórí ọ̀nà àti omi ẹ̀gbin. Wọn yóò dá a lóhùn lórí èyí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin ń dùn mí lọ́tọ̀. Ọmọkùnrin ń lọ sí géètì. Ọmọbìnrin ń gbé igbá omi tútù tẹ̀lé e, tàbí kí wọ́n fi í sílé tọ́jú àbúrò kí ìyá lè lọ sọ́jà. Bó bá lóyún, ilé ẹ̀kọ́ ti parí fún un nìyẹn lójú ọ̀pọ̀ òbí. Kò yẹ kó parí. Ìyálọ́jà àti àwọn ìyá ẹgbẹ́ ló lè bá irú òbí bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ tí wọ́n á gbọ́, kí ọmọ náà lè padà lẹ́yìn tó bá bímọ.

Mo fẹ́ kìlọ̀ ohun kan fún àwọn ìpàdé tó bá gba ọ̀rọ̀ mi. Kí wọ́n má fi owó bẹ̀rẹ̀. A mọ ara wa. Bí a bá ti gbé nǹkan sọ́wọ́, a ó kọ́kọ́ bu owó lé e. Owó tí wọ́n bá bù lé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lórí, ọmọ ẹni tí kò ní ló máa kọ́kọ́ lé kúrò ní kíláàsì, ọmọ yẹn gan-an la sì ń wá. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ nílò lọ́wọ́ wa jù ni èèyàn. Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà wà lójú títì. Oníṣirò owó wà níbẹ̀. Ìyá tó mọ ìtàn Àwórì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n máa fi kọ́ ọmọ, kò burú. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, láti ọdún 1970, àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Tí a bá fi èdè tí òbí gbọ́ kọ́ ọmọ, òbí lè bi í léèrè ní alẹ́ pé kí lo kọ́ lónìí, kó sì mọ̀ bóyá ọmọ náà ń parọ́.

Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe gan-an? Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ìpàdé sílẹ̀ fún ayálégbé tó ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, ó kéré tán fún ọ̀rọ̀ yìí nìkan. Kí wọ́n lọ kí pírínsípà, kí wọ́n sì gba orúkọ àwọn ọmọ tó kúrò láàárín ọdún kan sí méjì, kí ẹni tó mọ ilé wọn lọ kàn wọ́n lára. Kíláàsì ṣófo lẹ́yìn aago méjì. Àwọn kọ́pà wà ní agbègbè wa; láti ọdún 1973 tí ètò àgùnbánirọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ti wà lára ojúṣe wọn, ọjọ́ kan sì wà lọ́sẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní Ìgbẹ́sà tí wọ́n mọ Ìṣirò dáadáa. Àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ lè gba ọmọ SS ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, láìgba owó ìwọṣẹ́, pẹ̀lú àdéhùn pé kò ní fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ títí yóò fi ṣe Wáẹ̀kì. Kí ilé tó bá sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ jù máa tan iná sí ọgbà rẹ̀ títí di aago méje. Ọmọ tó wà ní SS2 lónìí yóò jókòó ṣe Wáẹ̀kì lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì lè ti wà lára ògiri ilé iṣẹ́ kí táámù yìí tó parí. Ẹni tó mọ ilé rẹ̀, kó lọ kan ilẹ̀kùn wọn ní Sátidé yìí.